Dókítà tí kò fọwọ́ kan aláìsàn

Lálẹ́ àná ní Kubwa níbí, bí iná ṣe dé báyìí, èmi àti àbúrò mi obìnrin jókòó ti fíìmù Yorùbá kan. Ó ní ká fi òṣùwọ̀n Alison Bechdel wọ̀n ọ́n. Ará Amẹ́ríkà tó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni, ọdún 1985 ló gbé e jáde: ṣé obìnrin méjì wà níbẹ̀? Ṣé wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ ọ̀hún yàtọ̀ sí ti ọkùnrin?

Obìnrin kún inú fíìmù náà o. Ọ̀kan tiẹ̀ jẹ́ dókítà. Aṣọ funfun rẹ̀ ṣì ní ìlà ibi tí wọ́n ti ká a sínú ọ̀rá. Látìgbà tó ti jókòó sí ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ ọkọ ló ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ. Ọkọ, ìyá ọkọ, àlè ọkọ.

Màmá wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Wọ́n dáwọ́ dúró.

"Ẹ gbọ́ ná, ta ló wá ń tọ́jú aláìsàn ní ọsibítù yìí?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo ṣáà wò ó dópin, mi ò ní purọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, fíìmù wo lẹ ti rí tí obìnrin méjì ti jókòó sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn?