Ibi Tí Etí Àwòrán Ń Sá Sí

Sátidé, alẹ́

Ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù tí wọ́n so mọ́ tẹlifíṣàn ló gbà mí lọ́kàn lónìí. Bí àwòrán bá jáde tí kò rí bó ṣe yẹ, láptọ́ọ̀pù ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ dojú kọ. Wọ́n á máa yí resolution (iye àmì tíńtín tó para pọ̀ di àwòrán) sókè sódò títí lẹ́tà á fi di bàìbàì. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, tẹlifíṣàn gan-an ló ń fa wàhálà náà.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó wọ́pọ̀: láptọ́ọ̀pù Windows tí ojú rẹ̀ jẹ́ 1366 × 768, tẹlifíṣàn tó jẹ́ 1920 × 1080, wáyà HDMI kan, tó ń gbé àwòrán àti ohùn, láàárín wọn. Àwòrán dé, ṣùgbọ́n taskbar, ìlà àwọn àmì tó wà nísàlẹ̀, kò hàn tán, àmì × tí a fi ń pa fèrèsé lókè lápá ọ̀tún sì ti wọ abẹ́ férémù lọ. Overscan ni wọ́n ń pè é. Láyé tẹlifíṣàn oníkùn ńlá, etí àwòrán kì í sábà gún, ni wọ́n fi máa ń fẹ àwòrán díẹ̀ kí etí náà lè bọ́ sẹ́yìn férémù. Tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ kò nílò ìyẹn mọ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń ṣe é. Bí ó ṣe ń gé etí ló ń na ìyókù, ìdí nìyẹn tí ìwé fi máa ń rí bí ìgbà tí omi wà lójú ẹni.

Ó máa ń dùn mí gan-an bó bá jẹ́ ojú tẹlifíṣàn ṣọ́ọ̀ṣì ni, tí orin tí ìjọ fẹ́ kọ wá pàdánù lẹ́tà àkọ́kọ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ti Yorùbá tún burú sí i: àmì ohùn àti àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ló kọ́kọ́ ń parẹ́. Àwọn àmì yìí náà ni mo gbà pé ó dára jù láti fi dán iṣẹ́ wò. Ẹ tẹ “ọ̀ṣọ́ọ́rọ́ òjò” sínú Notepad ní lẹ́tà kékeré. Bí àmì òkè àti tìsàlẹ̀ bá dá yàtọ̀ kedere, ó ti bọ́ sí i.

Rìmóòtù tẹlifíṣàn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ wọ Picture, kí ẹ wá Picture Size tàbí Aspect Ratio. Lórí LG, Just Scan ni ẹ máa tan. Lórí Samsung, Screen Fit tàbí Fit to Screen. Lórí Sony, Full Pixel. Àwọn mìíràn ń pè é ní Dot by Dot tàbí 1:1. Ẹ má rò pé 16:9 nìkan ti tó, torí ó lè wà lórí 16:9 kó ṣì máa gé etí. Bí ẹ kò bá rí èyíkéyìí níbẹ̀, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ ẹnu HDMI lórúkọ, kí ẹ sọ ọ́ ní PC. Lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn, ìyẹn náà ń jẹ́ kí lẹ́tà aláwọ̀ pupa tàbí búlúù mọ́ létí.

Ìgbà yẹn ló tó kan láptọ́ọ̀pù. Ẹ tẹ Windows àti P pọ̀. Duplicate, tó ń gbé àwòrán kan náà sójú méjèèjì, ni kò dáa níbí, nítorí ojú méjèèjì ní láti pín resolution kan náà, tí 1366 × 768 á sì fa tẹlifíṣàn wálẹ̀. Ẹ mú Second screen only, tó ń lo tẹlifíṣàn nìkan, tàbí Extend, tó ń fi tẹlifíṣàn kún ojú láptọ́ọ̀pù. Lẹ́yìn náà, Settings, System, Display: ẹ tẹ nọ́ńbà tó dúró fún tẹlifíṣàn, kí ẹ mú 1920 × 1080.

Tẹlifíṣàn 4K, ìyẹn èyí tó jẹ́ 3840 × 2160, ní tirẹ̀. Bí ẹnu HDMI láptọ́ọ̀pù bá jẹ́ irú 1.4, 3840 × 2160 kò lè kọjá 30 Hz (ìgbà ọgbọ̀n tí àwòrán ń tún ara rẹ̀ yọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ọfà máúsì á sì máa fò kiri. Ẹ wò ó ní Advanced display. Láti gba 60 Hz, HDMI 2.0 gbọ́dọ̀ wà lápá méjèèjì, pẹ̀lú wáyà tó lè gbé 18 Gbps (ìwọ̀n bí dátà ṣe ń yára kọjá). Wáyà tí kò tó á máa mú kí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn lójijì. Ní tèmi, 1920 × 1080 ní 60 Hz sàn ju 4K ní 30 Hz lọ fún iṣẹ́. Bí lẹ́tà bá kéré, ẹ má dín resolution kù. Scale, tó ń mú lẹ́tà tóbi, ni kí ẹ gbé sí 200% tàbí 300%.

Bí ó bá jẹ́ pé dúdú ló yí àwòrán ká, òdìkejì overscan nìyẹn. Láptọ́ọ̀pù tó ń lo ẹ̀rọ àwòrán AMD ló sábà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ ṣí AMD Software, ẹ wá HDMI Scaling ní Display, kí ẹ fà á títí dúdú á fi tán.

Bí ó bá jẹ́ 1024 × 768 nìkan ni Windows ń fún yín, ẹ wo ohun tó wà láàárín. Tẹlifíṣàn ló máa ń sọ ohun tó lè gbé fún láptọ́ọ̀pù nípasẹ̀ EDID (ìsọfúnni tí tẹlifíṣàn fi ń ṣàlàyé ara rẹ̀), adápútà VGA (irú ẹnu wáyà àtijọ́) olówó pọ́ọ́kú sì lè máà jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ láptọ́ọ̀pù. VGA kì í gbé ohùn pẹ̀lú. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ tan tẹlifíṣàn sí ẹnu HDMI tó tọ́, kí ẹ tó wá ki wáyà HDMI bọ láptọ́ọ̀pù tààrà.