Àyẹ̀wò ọdún 2025: Kihara, àti àwọn tí mo ti bá dáná rí

Ẹ kú ìparí ọdún o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka àyẹ̀wò ọdún mi tipẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ àsè ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ: òde tí a ṣe, owó tó wọlé, gbèsè tó kù níta. Lọ́dún yìí, ọkùnrin ará Japan kan tó ń jẹ́ Ryuichi Kihara ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti oṣù kẹta ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ti ara mi.

Eré orí yìnyín oníméjì ni Kihara ń ṣe, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, bàtà onírin lẹ́sẹ̀ àwọn méjèèjì. Ọkùnrin á gbé obìnrin kọjá orí ara rẹ̀, á máa yí bó ṣe ń sáré lọ lórí yìnyín. Á jù ú sókè, obìnrin á yí ní ẹ̀ẹ̀mẹta nínú afẹ́fẹ́, á wá fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo balẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń gba máàkì kan náà. Bí ọ̀kan bá ṣubú, ti àwọn méjèèjì ló dín. Ẹni tó ń dá ṣeré lè jí láàárọ̀ kó lọ sí pápá lọ ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni oníméjì tí ẹnìkejì rẹ̀ bá ti lọ, ó di dandan kó wá ẹlòmíràn, ọjọ́ orí kò sì ní dúró dè é.

Òun náà ń dá ṣeré tẹ́lẹ̀. Ọdún 2013 ló bọ́ sí oníméjì pẹ̀lú Narumi Takahashi, ẹni tí òun àti ọkùnrin mìíràn ti gba ipò kẹta lágbàáyé ní ọdún 2012. Wọ́n lọ sí Òlíńpíìkì ní Sochi ní 2014, wọ́n ṣe ipò 18. Ní 2018, ó bá Miu Suzaki lọ sí PyeongChang, ipò 21. Àwọn 16 tó bá ṣáájú nínú eré kúkúrú, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó ṣe eré gígùn tó tẹ̀ lé e, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ló parí ìdíje oníméjì rẹ̀ kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó jókòó wòran. Nígbà tó fi máa di 2019, òun àti Suzaki ti pínyà, ó ń ṣiṣẹ́ ní pápá yìnyín kan ní Nagoya, ó sì ń rò ó pé bóyá kí òun fi eré náà sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Riku Miura, ọmọ ọdún 17, ní kí àwọn jọ dán an wò. Wọ́n kó lọ sí Oakville ní Kánádà, lọ́dọ̀ Bruno Marcotte tó ń kọ́ wọn. Ipò keje ni wọ́n ṣe ní Òlíńpíìkì ní Beijing ní 2022, ìkejì lágbàáyé lọ́dún náà, ìkíní ní Saitama ní 2023. Kò sí oníméjì Japan kankan tó ṣe irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun Kihara, kò lè lọ sí ọ̀pọ̀ ìdíje, wọ́n sì ṣe ìkejì ní Montreal ní 2024. (Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ ni Deanna Stellato-Dudek ti Kánádà, tòun ti Maxime Deschamps. Ẹni ogójì ọdún ni obìnrin náà nígbà yẹn! Inú mi ṣì ń dùn sí i di òní.)

Ọdún yìí kò bá wa dáadáa ní Boston níbí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní, bàlúù kan tó ń bọ̀ láti Wichita kọlu hẹlikọ́pítà àwọn ológun nítòsí Washington, èèyàn 67 ló kú. Àwọn ọmọ tó ń ṣe eré yìí wà níbẹ̀, àwọn òbí wọn wà níbẹ̀. Evgenia Shishkova àti Vadim Naumov, tọkọtaya tó gba ipò kìíní àgbáyé fún Rọ́ṣíà ní 1994, náà wà níbẹ̀. Boston ni wọ́n ti ń fi ohun tí wọ́n mọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Kí Ọlọ́run tu gbogbo ẹni tó kù sẹ́yìn nínú.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìdíje àgbáyé wá sí TD Garden, gbọ̀ngàn eré ìdárayá ńlá ní Boston níbí, mo sì lọ. Miura àti Kihara ló ṣáájú nínú eré kúkúrú pẹ̀lú máàkì 76.57. Nínú eré gígùn, Minerva Hase àti Nikita Volodin ti Jámánì ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 219.79 ni ti Japan, 219.08 ni ti Jámánì. Máàkì kan kò pé láàárín wọn. Ẹni ọdún 32 ni Kihara nígbà tó gba ipò kìíní ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí.

Ohun tí mo rò lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni pé ọwọ́ tó ń gbé Riku yẹn, ara àwọn méjì kan ni wọ́n ti fi kọ́ ọ. Takahashi ló wà lókè orí rẹ̀ nígbà tí kò tíì mọ obìnrin gbé. Suzaki fara da ọdún tí wọ́n ń lọ tí wọn kì í mú nǹkan bọ̀. Àwọn méjèèjì kò sí níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀yẹ sí i lọ́rùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn wà nínú ẹ̀yẹ náà. Tèmi ni pé ó yẹ ká máa dárúkọ wọn nígbàkúgbà tí a bá ń yin Kihara.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí àwọn tèmi náà lọ́dún yìí. Àǹtí tí mo kọ́kọ́ bá dáná ti padà sí Ìbàdàn. Àwọn ló kọ́ mi bí a ṣe ń wo gbọ̀ngàn ká mọ iye àpò ìrẹsì tó máa tó o. Ọ̀rẹ́ mi tó tẹ̀ lé wọn bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Texas. Òun ló kọ́ mi láti máa gba owó ìdajì kí a tó ra ẹran. Nígbà tó lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ní kí n kúkú wá iṣẹ́ mìíràn, pé agbára mi kò gbé e ní èmi nìkan. Lóòótọ́, iṣẹ́ àsè kò ṣeé dá ṣe. Ní oṣù karùn-ún ni mo mú àbúrò kan mọ́ra, ọmọ tó kéré sí mi gan-an, tó lágbára, tó sì máa ń béèrè ọ̀rọ̀. Òde tí a jọ ṣe láti ìgbà náà dùn mọ́ mi ju èyí tí mo ti ṣe rí lọ. Nígbà tó bá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló kọ́ yín lèyí?”, mo máa ń dárúkọ wọn fún un.

Ẹ̀yin méjèèjì, bí ẹ bá rí èyí kà, ẹ ṣeun, mi ò gbàgbé yín.

Ní 2026, a fẹ́ ra ìkòkò ńlá méjì sí i, a sì fẹ́ gba ọmọ tí yóò máa wakọ̀. Ọjọ́ 15 àti 16 oṣù kejì ni àwọn oníméjì máa ṣeré ní Òlíńpíìkì ní Milan. Mo ti sọ fún gbogbo oníbàárà pé a ò ní dáná fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ méjèèjì yẹn. Àbúrò mi náà ti ní òun máa wá wò ó nílé mi.