Ọmọ tó ń bínú ṣáá yẹn, ẹ tún un wò

Ẹ̀yin òbí àti tíṣà wa l'Ékìtì, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an. A ti gbà pé ọmọ tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá mú á máa sunkún ṣáá ni. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kì í sunkún, ìbínú ló ń yọ lára wọn, ohun kékeré báyìí wọ́n ti jágbe mọ́ àbúrò, àwa á ní ó ti ya ìpáǹle, pàṣán ló kàn.

Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa n'Íkẹ́rẹ́, kò mọ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ. Ṣàdédé ló pa á tì. Eruku bo bàtà bọ́ọ̀lù ẹ̀ lábẹ́ àga pálọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ á wá pè é, á lóun ń sùn. Tó bá ti di àárọ̀ Mọ́ńdè inú á máa run ún, wọ́n fún un lóògùn aràn, wọ́n fún un ní ti ibà, ibi tó wà náà ló wà. Iyán tó fẹ́ràn, á kàn máa fìka tẹ̀ ẹ́ títí tó máa fi tutù. Ní sùkúù ẹ̀wẹ̀, ó ń sùn ní kíláàsì, kì í nawọ́ mọ́, tíṣà kọ ọ́ sí rìpọ́ọ̀tù káàdì ẹ̀ pé ọ̀lẹ ni. Ìyá rí inú rírun, tíṣà rí oorun, kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì.

Ẹ máa bi ara yín o! Àwọn dókítà ní tí irú nǹkan báyìí bá ti ń ṣe ọmọ lójoojúmọ́ tó ọ̀sẹ̀ 2, tó ń dí ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀kọ́ àti eré, ó ti kúrò ní ìwàkiwà, ó yẹ kí dókítà rí i. Ọmọ tó yẹ kó máa sanra tí ò sanra, àmì ni. Èyí tó ń sọ pé òun ò wúlò, àmì ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bi í, ẹ má ṣe é lójú èrò. Bẹ́ ẹ bá jọ ń ṣa ẹ̀wà, "Mo rí i pé o ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́, kí ló ń ṣe ẹ́?" Kẹ́ ẹ wá dákẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ìwọ tó ń jẹ tó ń yó kí lò ń rò. Ẹ gbàdúrà, àmọ́ ẹ gbé e lọ sí hósípítù náà, hósípítù ìjọba ńlá tó wà ní Adó àti Ìdó-Èkìtì ní dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ, kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń wò. Tó bá sì ti mẹ́nu kan ikú pẹ́nrẹ́n, pé ó sàn kóun má sí, ẹ má ka ọ̀sẹ̀ kankan mọ́, ẹ kó oògùn kòkòrò kúrò nílé, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an.