Àtàńpàkò tó jáde lábẹ́ ọwọ́: wíwo lúùtì láti Lọ́ńdọ̀nù dé Paris

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka ta okùn lúùtì láyé àtijọ́, ọwọ́ ọ̀tún ni kẹ́ ẹ máa wò nínú àwòrán. Lúùtì bá jìtá tan, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí igbá, okùn rẹ̀ sì máa ń wà ní méjìméjì. Ìfun àgùntàn ni wọ́n fi ń ṣe okùn náà.

National Gallery, ilé àwòrán ní Trafalgar Square ní Lọ́ńdọ̀nù, la ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé. The Ambassadors tí Holbein yà ní 1533 ni èrò máa ń pé lé lórí, ṣùgbọ́n lúùtì inú rẹ̀ kàn wà lórí pẹpẹ ni, okùn rẹ̀ kan ti já, kò sí ẹni tó ń ta á. Ti Lorenzo Costa ló yẹ kẹ́ ẹ lọ bá: A Concert, nǹkan bí 1485 sí 1495. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn olórin lúùtì ń ju ìyẹ́ ẹyẹ tí wọ́n fi ń ta okùn sílẹ̀. Ìyẹ́ dára fún ohùn kan ṣoṣo. Ìka lè ta ohùn méjì tàbí mẹ́ta pọ̀.

Síbẹ̀, ìṣe ìyẹ́ ò tíì lọ. Apá ń wá láti ìdí lúùtì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá okùn dọ́gba. Ọmọńdinrín fẹ̀yìn ti ojú igi. Àtàńpàkò á ta sísàlẹ̀, á wọ abẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Ìka ìlábẹ̀ á ta sókè. Àtàńpàkò ló ni ìdún tó wúwo, ìka ìlábẹ̀ ló ni èyí tó fúyẹ́. Nínú ìwé tí Petrucci tẹ̀ ní Venice ní 1507, àmì tóótó lábẹ́ nọ́ńbà tó ń sọ ibi tẹ́ ẹ máa tẹ okùn ń sọ fún yín pé ìka ló kàn.

Ibí ni àwọn tó ti jìtá wá ti máa ń kọsẹ̀. Oríkèé ìka ni wọ́n ń lò dípò apá, nítorí náà ohùn kì í lọ déédéé. Wọ́n á tún tẹ ọrùn ọwọ́ sókè, ìka á wá bá okùn kan ṣoṣo nínú méjì. Ọmọńdinrín náà, kó fara kan igi ni. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù, ohùn á kú.

Okùn báàsì, ìyẹn okùn ohùn ìsàlẹ̀, ló yí nǹkan padà. Òwọ́ okùn mẹ́fà ló wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1500. Nígbà tó yá ó di mẹ́wàá, ó di mọ́kànlá nílẹ̀ Faransé. Àtàńpàkò tó há sábẹ́ ọwọ́ ò lè dé ibẹ̀. Stobäus, olórin ìlú Königsberg, kọ ọ́ ní nǹkan bí 1619 pé àtàńpàkò ìta, èyí tó na síta, ń dún ketekete, ti inú, èyí tó wọ abẹ́ ọwọ́, ń dún bí ohun tó ti bàjẹ́, àti pé Dowland, olórin lúùtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ta á nínú kó tó yí síta. Ó le díẹ̀ lójú wa: ti inú dùn fún orin ijó tó ń sáré.

Èékánná ńkọ́? Àwọn olórin lúùtì méjì kò fẹnu kò: Piccinini ní Bologna (1623) fọwọ́ sí fífi èékánná ta okùn. Mace ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (1676) kọ̀ ọ́.

Ní Louvre, ilé àwòrán ní Paris, ẹ wá àwòrán Charles Mouton, olórin lúùtì, tí François de Troy yà ní 1690. Ọwọ́ ti sún mọ́ afárá okùn (igi tí wọ́n so okùn mọ́) pátápátá, àtàńpàkò sì na jáde gbangba. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun o, wọn kì í ṣí.