Ọjọ́ Mẹ́ta Láìsí Ọṣẹ

"Mi ò bínú pé ó sọ ọ́. Iye tó kà ló ń bí mi nínú."

Ìsọ̀ onídìrí ni mo ti gbọ́ ọ lọ́sàn-án òní, lẹ́nu obìnrin kan tí wọ́n ń di ṣùkú fún. Fóònù wà létí rẹ̀, orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ onídìrí, kò lè yíjú pa dà kó rí i pé gbogbo wa ti dákẹ́ nítorí rẹ̀. Onídìrí fa irun náà le, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kó máa kà. Ẹ̀yin náà ẹ ka tiyín." A bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo dé ojú ọ̀nà ni ẹ̀rín yẹn tán lẹ́nu mi.

Kí ni ọkọ rẹ̀ kà gan-an? Ó lè jẹ́ iye ìgbà tó wọlé tí kò bá oúnjẹ. Ó lè jẹ́ owó. Ó lè jẹ́ iye ìgbà tí ìyàwó lọ kí ìyá rẹ̀. Mo ti san owó mi tán, mo tún dúró ti àwọn wíìgì tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri bí ẹni tó fẹ́ rà, bóyá yóò dárúkọ ẹ̀. Kò dárúkọ ẹ̀.

Fermina Daza, obìnrin inú ìtàn kan, ló sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ìwé yẹn lẹ́nu mi, Love in the Time of Cholera, tí Gabriel García Márquez kọ jáde ní 1985.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ ìwẹ̀ ni. Fermina ló ń bójú tó balùwẹ̀ ilé wọn: táwẹ́ẹ̀lì, tíṣù, ọṣẹ. Ọṣẹ tán, ó gbàgbé láti fi òmíràn síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Dókítà Juvenal Urbino, wẹ̀ tán lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní ó ti ń tó ọ̀sẹ̀ kan tí òun ti ń wẹ̀ láìsí ọṣẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ni. Obìnrin náà mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun gbàgbé, ó sì mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta ni. Ọ̀sẹ̀ kan yẹn ló ká a lára. Ló bá fi ìjà gbèjà ara rẹ̀: ó ní ojoojúmọ́ ni òun ń wẹ̀ níbẹ̀, ọṣẹ kò sì tíì tán rí.

Irọ́ méjì lórí ọṣẹ kan ṣoṣo. Ọkùnrin fi ọjọ́ kún ọjọ́, obìnrin fi ọṣẹ síbi tí ọṣẹ kò sí. Ká ní Urbino sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ni, bóyá Fermina ì bá kàn dìde, kó lọ mú ọṣẹ wá, kí wọ́n jẹun àárọ̀. Àbí kò ní rí bẹ́ẹ̀? Ẹni tó wẹ̀ lọ́jọ́ kìíní láìsí ọṣẹ tí kò sọ̀rọ̀, tó wẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí kò sọ̀rọ̀, kí ló ń dúró dè? Ó ń kà ni. Kí iye náà tó kó jọ.

Urbino kó lọ sùn sílé ìwòsàn Misericordia, ó wá di pé aṣọ nìkan ló ń wá pààrọ̀ nílé. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń wá ọ̀nà àtiparí ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wá a bẹ́ẹ̀ ló ń le sí i. Òun ò ní padà àfi tí ìyàwó bá gbà pé kò sí ọṣẹ. Ìyàwó ò ní gbà á padà àfi tó bá jẹ́wọ́ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ láti fi dá a lóró. Ó dé ibì kan tí ọkùnrin yìí fi dábàá pé kí àwọn lọ síwájú bíṣọ́ọ̀bù àgbà, kí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ wá dájọ́ bóyá ọṣẹ wà nínú abọ́ ọṣẹ tàbí kò sí. Èébú tí Fermina bú bíṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà di àṣà lẹ́nu ará ìlú.

Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá débẹ̀, torí ká ní ọ̀dọ̀ tiwa ni, ẹbí ni wọn ì bá pè. Ìyá ọkọ á jókòó, ẹ̀gbọ́n ìyàwó á jókòó, bàbá àgbà kan á ní kí wọ́n gbé ọṣẹ náà wá kí òun rí i.

Ibùsùn ló parí ìjà náà. Urbino ti padà sílé nígbà yẹn, àmọ́ yàrá wọn ò pa pọ̀, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ibùsùn ńlá, ibùsùn oníyẹ̀ẹ́ àwọn bàbá ńlá rẹ̀, oorun gbé e lọ. Fermina jí i pé kó dìde kó lọ sí yàrá rẹ̀. Ibẹ̀ tù ú lára jù. Ó ní kó jẹ́ kí òun wà níbẹ̀, ọṣẹ wà.

Ó tán. Ó purọ́ kejì láti fi parí irọ́ kìíní. Nígbà tí wọ́n sì darúgbó, tí gbogbo nǹkan ti rọlẹ̀, wọ́n ṣì ń ṣọ́ra kí wọ́n má dárúkọ ẹ̀, kí egbò náà má tún ṣẹ̀jẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn àlàyé á ní ọṣẹ yẹn dúró fún ìwẹ̀nùmọ́, tàbí fún àṣẹ, ta ló ń pàṣẹ nílé. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ ni ọṣẹ. Oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare, gbogbo ìwọ̀nyí ni wọ́n gbé síwájú mi lọ́jọ́ ìdána tí wọ́n fi ń wúre, mo ń ṣe àmín títí ohùn fi há mi. Kò sẹ́ni tó gbé ọṣẹ dání. Oyin ọjọ́ yẹn, a tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan. Ọṣẹ ni mò ń rà láti ìgbà náà.

Òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n mú iná lọ, a jẹ ẹ̀wà. Àwọn ìbejì ti sùn. Mo bi Bàbá Ìbejì léèrè pé, "Ṣé ẹ máa ń ka àwọn nǹkan tí mo bá gbàgbé?"

Ó ní, "Èwo nínú wọn?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó padà sórí bọ́ọ̀lù tó ń wò. Èwo nínú wọn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà ò pa mí mọ́.

Ìyá mi fẹ́ràn òwe yẹn pé bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rí ẹni bá ṣeré. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìgbàgbé náà ló ṣáà dá ìjà ọṣẹ sílẹ̀. Ta ni wọ́n gbà láyè kó gbàgbé?

Ohun tó tún wá ń dùn mí nísinsìnyí, inú ìwé kan náà ló wà. Florentino Ariza, ọkùnrin tó ti fẹ́ràn Fermina kó tó fẹ́ Urbino, òun náà ń kà. Ọdún 51, oṣù 9 àti ọjọ́ 4 ló fi dúró de Fermina, ó mọ̀ ọ́n dé orí ọjọ́. Ọkọ obìnrin kú, ó lọ rò ó fún un pé òun ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo ayé ń pe ìyẹn ní ìfẹ́! Ọkùnrin kan ka ọjọ́ mélòó kan láìsí ọṣẹ, a ní ìkà ni. Èkejì ka ọdún láìsí obìnrin, a ní olólùfẹ́ ni. Kí ẹ sì má gbàgbé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, bí 25, tó fi ka àwọn obìnrin tó bá lò ní gbogbo àsìkò tó fi ń dúró yẹn, 622, láìka àwọn tó kàn fẹsẹ̀ kan yà sọ́dọ̀ wọn. Ẹni tí ó bá ka ọ̀kan á ka gbogbo rẹ̀.

Urbino wá yàtọ̀ nígbẹ̀yìn. Ó gun àkàbà lọ mú odídẹ̀ẹ́ lórí igi máńgòrò, ó ṣubú, Fermina sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tó sọ kẹ́yìn ni pé Ọlọ́run nìkan ló mọ bí òun ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Kò dárúkọ iye kankan.

Ó sì wà nínú ìwé náà pé kí ó tó kú, obìnrin yìí ló ń wẹ̀ fún un, tó ń fi páúdà sí i lára, tó ń fi òrí kòkó pa ibi tó sú, tó ń wọ aṣọ fún un bí ọmọ ọwọ́. Ọwọ́ ta ni ọṣẹ wá wà? Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé ọṣẹ ni ọṣẹ. Mi ò tún mọ̀ mọ́. Bóyá kò sẹ́ni tó ń kà á nígbà yẹn, bóyá Fermina ló ń kà tiẹ̀, tí òǹkọ̀wé ò sọ fún wa.

Mo fẹ́ sọ ti ìkàn tí Fermina kórìíra láti kékeré, tí wọ́n gbé fún un níbi àsè ńlá kan tí kò mọ̀, tó jẹ ẹ́ tó tún béèrè sí i. Ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Iná ò tíì dé, bátìrì fóònù yìí ò sì ní tó o.