Ìlú Tí Iyanrìn Gbé Mì: Ohun Tó Ń Mú Irú Ìwé Bẹ́ẹ̀ Dùn

Ẹni tó bá ti ka ìwé ìrìnkèrindò mẹ́ta mẹ́rin nípa ìlú tó sọnù sínú aṣálẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe máa ń lọ. Àwòrán ilẹ̀ kan á jáde láti inú ẹrù ẹni tó ti kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan á ní irọ́ ni, olówó kan á ní òun máa gbọ́ bùkátà ìrìn àjò náà. Ìjì á jà láàárín ìwé, ilẹ̀kùn òkúta á ṣí lápá ìparí. A mọ̀ ọ́n tán, síbẹ̀ a ṣì ń ra òmíràn. Wọ́n ní wúrà ló ń wọ̀ wá lójú. Èmi ò gbà. Omi ló ń gbé ìtàn wọ̀nyí ró. Ta ló ń mu omi níbẹ̀ nígbà kan? Kí ló gbé omi náà lọ? Ṣé ẹni tó ń wá ìlú náà á rí èyí tó máa mu dé ilé? Òǹkọ̀wé tó bá rí ìdáhùn gidi sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwé rẹ̀ kì í sú ni. Èyí tí kò bá rí i, ìbọn ló máa ń yìn láti bo àṣírí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń rìn nínú ooru aṣálẹ̀ máa ń mu tó lítà 6 sí 10 lóòjọ́. Lítà omi kan, kílò kan. Èèyàn mẹ́fà, lítà 8 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 12: lítà 576 nìyẹn, ó ju ìdajì tọ́ọ̀nù lọ, a ò sì tíì dáná. Ràkúnmí tó lágbára máa ń ru bíi kílò 150 sí 200 lọ́nà jíjìn, nítorí náà ràkúnmí mẹ́rin ló máa ru omi nìkan, kí wọ́n tó kan oúnjẹ, àgọ́ àti ṣọ́bìrì. Àpò awọ ewúrẹ́ tí wọ́n fi ń gbé omi láyé àtijọ́ tún máa ń làágùn. Bí omi ṣe ń yọ lára rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ ni èyí tó wà nínú ń tutù, àmọ́ bẹ́ẹ̀ náà ló ń dín kù láìsí ẹni tó mu ún. Òǹkọ̀wé tó mọ èyí ò nílò apànìyàn ní orí kẹrin. Kó ṣáà jẹ́ kí ẹnì kan gbọn àpò kan wò, kó rí i pé ó fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Sven Hedin, arìnrìn-àjò ará Sweden, nínú aṣálẹ̀ Taklamakan, lápá ìwọ̀ oòrùn Ṣáínà, nìyẹn ní 1895. Òun, ìránṣẹ́ mẹ́rin àti ràkúnmí mẹ́jọ ló lọ. Níbi omi tó kẹ́yìn, àwọn ìránṣẹ́ náà kò pọn omi tó bó ṣe ní kí wọ́n pọn, ìgbà tí wọ́n sì ti wọ àárín òkìtì iyanrìn ló tó mọ̀. Ọkùnrin méjì kú. Ràkúnmí kan péré ló là á já. Hedin fúnra rẹ̀ rákò dé ojú odò Khotan tó ti gbẹ, ó rí ọ̀gọ̀dọ̀ kan tó ṣẹ́ kù níbẹ̀, ó mu títí, ó wá fi bàtà rẹ̀ méjèèjì bu omi padà fún Kasim, ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ náà, tó ti ṣubú sẹ́yìn. Kò sí ọ̀tá nínú ìtàn yìí, kò sí ìṣúra, kò tiẹ̀ sí ìlú kankan, ọ̀fun sì máa ń gbẹ ẹni tó bá ń kà á.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ọkùnrin yìí kan náà rí ìlú. Ní oṣù kẹta 1900, ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá lọ ní agbègbè Lop Nur, lápá ìlà oòrùn Taklamakan, wọ́n fẹ́ gbẹ́lẹ̀ fún omi, wọ́n wá rí i pé àwọn ti gbàgbé ṣọ́bìrì sí ibi tí wọ́n ti kúrò. Ördek, afinimọ̀nà wọn, padà lọ mú un. Ìjì bò ó mọ́lẹ̀ lóru, ó ṣìnà, ó sì já sí àárín àlàpà ilé tí igi tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí wà káàkiri ilẹ̀. Loulan nìyẹn, ìlú kan lójú ọ̀nà òwò sílíìkì. Ṣé ẹ mọ ohun tí Hedin ṣe? Ó kọjá lọ. Omi tó kù lọ́wọ́ wọn kò ní jẹ́ kí wọ́n dúró, ó di ọdún tó tẹ̀ lé e kó tó padà wá walẹ̀ níbẹ̀. Bí òǹkọ̀wé kan bá hùmọ̀ ṣọ́bìrì yẹn fúnra rẹ̀, olóòtú á ní kó yọ ọ́, pé kò ṣeé gbà gbọ́.

Ohun kejì tó ń fà wá ni pé aṣálẹ̀ a máa bo nǹkan, kì í sì í jẹ ẹ́. Ní ilẹ̀ olójò, igi á rà, awọ á rà, ìwé á di erùpẹ̀, òkúta àti ìkòkò ló máa kù. Nínú iyanrìn gbígbẹ, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń mú nǹkan rà kò rí omi lò. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Aurel Stein dé Niya, àlàpà ìlú kan nínú Taklamakan, ní 1901, ó bá pátákó onígi tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ní ọ̀nà ìkọ̀wé Kharosthi, okùn tí wọ́n fi dì í ṣì wà lára àwọn mìíràn, àti èdìdì alámọ̀ tó ní àwòrán òrìṣà Gíríìkì, Athena. Àwọn pátákó náà ti lé ní ọdún 1,500. Kí ni wọ́n sì kọ sí wọn? Ẹjọ́ ràkúnmí, ọ̀rọ̀ omi, owó orí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ń ṣìṣe: wọ́n á ní kí òkú ọba máa sọ àsọtẹ́lẹ̀ lára ògiri, nígbà tó jẹ́ pé ìwé ẹ̀sùn ẹni tí wọ́n jí ràkúnmí rẹ̀ ló ń jẹ́ ká gbà pé èèyàn ẹlẹ́ran ara gbé ibẹ̀ rí.

Ikú ìlú náà wá ńkọ́? Èyí ni orí tó máa ń bàjẹ́ jù. Ègún, tàbí ìmìtìtì ilẹ̀ kan tó parí gbogbo rẹ̀ lóru ọjọ́ kan, ni wọ́n sábà máa ń mú. Ní ti Loulan, odò ló yí ojú ọ̀nà padà. Ní Garama, olú ìlú àwọn Garamantes ní Fezzan, lápá gúúsù Líbíyà, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fa omi. Wọ́n gbẹ́ ihò gbọọrọ láti ìsàlẹ̀ òkè wá sí oko, pẹ̀lú kànga lóòró lórí rẹ̀ ní ìwọ̀nba ìwọ̀nba kí wọ́n lè máa kó erùpẹ̀ jáde. Foggara ni wọ́n ń pè é. Òjò tó ti rọ̀ sílẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú wọn ni omi náà, kò sì sí òjò tuntun tó máa dípò rẹ̀. Bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ihò jìn sí i, èèyàn tó pọ̀ sí i ló ń ṣiṣẹ́ fún omi tó ń dín kù. Ẹnikẹ́ni tó bá lè kọ ìran mẹ́ta tó ń gbẹ́ ihò kan náà, tí ọmọ-ọmọ mọ ohun tí bàbá ńlá kò fẹ́ gbà, ti borí gbogbo ègún inú ayé.

Ubar, ìlú tí ìtàn àwọn Lárúbáwá ní iyanrìn gbé mì, ni gbogbo ayé mọ̀ jù, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ wò ó. Ní 1930 sí 1931, Bertram Thomas, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọdá Rub' al-Khali, aṣálẹ̀ ńlá gúúsù Arábíà, àwọn tó ń mú un lọ sì fi ipa ọ̀nà kan hàn án, wọ́n ní ọ̀nà Ubar nìyẹn. Ní 1932, St John Philby, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, wá Wabar lọ, bí àwọn kan ṣe ń pe Ubar. Kòtò ńláńlá ló bá, pẹ̀lú dígí dúdú káàkiri. Ó rò pé òkè tó ń yọ iná ni. Òkúta tó já láti ojú ọ̀run ló gbẹ́ kòtò náà. Lẹ́yìn náà ni rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò ya àwòrán ilẹ̀, dé. Ní oṣù kọkànlá 1981, Columbia, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà fi ń lọ sí gbangba òfuurufú, ti fi rédà rí ojú odò àtijọ́ lábẹ́ iyanrìn Íjíbítì àti Sùdáánì. Ní 1984, Challenger, irú ọkọ̀ kan náà, ya gúúsù Oman, òun àti àwòrán sátẹ́láìtì mìíràn sì jẹ́ kí wọ́n rí ipa ọ̀nà ràkúnmí tó gba abẹ́ òkìtì iyanrìn kọjá. Àwọn ọ̀nà náà pàdé nítòsí Shisr, abúlé kan níbẹ̀. Ní 1992 ìròyìn gba ayé: awalẹ̀pìtàn Juris Zarins àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti hú ilé olódi kan tó ní ilé ìṣọ́, tí apá kan rẹ̀ já wọ inú ihò. Orí àpáta ẹfun ni wọ́n kọ́ ọ sí, ihò omi wà lábẹ́ rẹ̀. Bí omi ṣe lọ sílẹ̀, òrùlé ihò náà kò rí ohun tó gbé e ró mọ́. Kànga tó mú kí àwọn oníṣòwò tùràrí máa yà níbẹ̀ náà ló gbé odi wọn mì. Zarins padà sọ lẹ́yìn náà pé Ubar lè jẹ́ orúkọ agbègbè kan, kí ó má jẹ́ ìlú kan ṣoṣo. Ìwé ìròyìn kò pariwo èyí.

Rédà yìí ni fíìmù àti ìwé ń fi tan ni jẹ jù. Ìgbì rẹ̀, tó gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 23, a máa wọ inú iyanrìn ní mítà díẹ̀, bí iyanrìn náà bá gbẹ pátápátá. Bí ọ̀rinrin bá wà níbẹ̀, tàbí iyọ̀, ó parí. Kò sì sí ère ọba tó máa hàn lójú kọ̀ǹpútà lábẹ́ òkìtì tó ga ní mítà 50. Ìlà dúdú àti ìlà funfun ni wọ́n ń rí, wọ́n á wá fi ẹsẹ̀ rin ibẹ̀, wọ́n á máa ṣa àpáàdì.

Ọkọ̀ ilẹ̀ pẹ̀lú ní òfin tirẹ̀. Ralph Bagnold, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi ọkọ̀ Ford wá Zerzura, ìlú inú ìtàn àtẹnudẹ́nu, àti àwọn ohun mìíràn kiri ní nǹkan bí 1930, rí i pé bí rédíétọ̀ bá hó, èéfín omi ń ṣòfò. Ó fi ọ̀pá so ẹnu rẹ̀ mọ́ agolo omi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀: èéfín á wọ inú agolo, á padà di omi, bí ẹ́ńjìnnì bá sì tutù, rédíétọ̀ á fa omi náà padà. Nínú ilé ìtàjà àlòkù kan ní Káírò ló ti rí irin gbọọrọ tí wọ́n ń tẹ́ síwájú táyà tó bá rì. Ẹni tó bá ń tẹ iná nígbà tí táyà ti rì, ṣe ló ń gbẹ́ sàréè fún ọkọ̀; ẹ kó iyanrìn iwájú rẹ̀ kúrò, ẹ tẹ́ irin, kí ẹ tó wa ọkọ̀ jáde pẹ̀lẹ́. Táyà tó ń gba 35 psi lójú títì, ẹ dín in sí bíi 15 sí 18 kó lè tẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó dé orí òkúta, torí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ya. Ẹ̀gbẹ́ òkìtì tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ni wọ́n ń gbà gùn, ibẹ̀ le, kò sì ga fíofío. Ẹ̀gbẹ́ kejì rọ̀, ó sì dà gẹ̀ẹ́rẹ́ tó dígírì 34. Akọni tó bá sáré gun un láì wo òdìkejì, inú afẹ́fẹ́ ló máa bá ara rẹ̀.

Dígírì 34 yẹn kan náà ló ń ba ìran ìwalẹ̀ jẹ́. Iyanrìn lásán kì í dúró lóòró. Ẹni tó bá fẹ́ kan ilẹ̀kùn tó wà ní mítà 3 nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kòtò náà dà sẹ́yìn ní bíi mítà 4 ààbọ̀ ní gbogbo àyíká. Kòtò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà kan, ẹnu rẹ̀ á fẹ̀ tó mítà 10, iyanrìn tí wọ́n máa kó jáde á lé ní tọ́ọ̀nù 120. Èèyàn méjì ò lè ṣe é láàárín òru kan kí àwọn ọ̀tá tó dé. Àwọn ará Íjíbítì mọ ẹ̀tàn yìí dáadáa. Ní Saqqara, ní ayé ìran ọba kẹrìndínlọ́gbọ̀n, wọ́n gbẹ́ kànga òkú tó jìn, wọ́n sì fi iyanrìn kún un: bí olè bá ṣe ń kó o jáde, òmíràn ń ṣàn wọlé. Kò sí okùn tó máa jà, kò sí irin tó máa dógùn-ún. Pàkúté tí wọ́n ń kọ sínú ìwé, ọfà tó ń fò jáde láti ara ògiri lẹ́yìn ọdún 2,000, ẹ bi òǹkọ̀wé léèrè pé ta ló ń pààrọ̀ okùn rẹ̀. Iyanrìn gbígbẹ kì í sì í gbé èèyàn mì bí ẹrọ̀fọ̀.

Ọgbọ́n kan ṣoṣo wà tí mi ò rí kí àwọn òǹkọ̀wé lò tó. Àwọn awalẹ̀pìtàn lè mọ ìgbà tí oòrùn kan hóró iyanrìn kan kẹ́yìn, nítorí agbára ń kó jọ sínú rẹ̀ látìgbà tó ti wọ òkùnkùn. Wọ́n á gbá ọ̀pá onírin wọ ara ògiri kòtò, wọ́n á dí i lẹ́nu méjèèjì, inú yàrá tó ní iná pupa ni wọ́n ti máa ṣí i. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án kí ó tó débẹ̀, ẹ̀rí ti pa rẹ́. Ẹ rò ó wò: ọ̀tá kan nínú àgọ́, kò jalè, kò pànìyàn, ó kàn ṣí ìdérí ọ̀pá fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ọ̀sán gangan.

Ti òfin kò gùn. Stein kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé àtijọ́ kúrò nínú ihò àpáta ní Dunhuang, ní Ṣáínà, ní 1907, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè dá a lọ́lá ní 1912. Láti ìgbà àdéhùn UNESCO ti 1970, tó lòdì sí kíkó ohun àtijọ́ jáde lọ́nà àìtọ́, ni ayé ti yàtọ̀, Òfin 117 ti 1983 ní Íjíbítì sì sọ ohun àtijọ́ di ti ìlú, ó fòpin sí títà wọn. Akọni òde òní tó bá ju ère sínú báàgì, olè ni, ó sì yẹ kí òǹkọ̀wé rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ibi tí òmíràn ti máa bẹ̀rẹ̀, kó wo Mòrìtáníà. Ní 1964, Théodore Monod, onímọ̀ ará Faransé, hú ẹrù ọ̀wọ́ ràkúnmí kan jáde nínú iyanrìn níbi tí wọ́n ń pè ní Ma'den Ijafen: ọ̀pá idẹ tó lé ní 2,000, àti owó ẹyọ. Àwọn oníṣòwò nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá ló sin ín síbẹ̀ bí ẹni tó ń padà bọ̀. Wọn ò padà.