Ẹ má dúró de ìkéde kí ẹ tó múra

Ṣé ọrọ̀ ajé tún fẹ́ dojú bolẹ̀? Ẹni tó bá ń dúró kí wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò, ó ti pẹ́ jù. Ó dìgbà tí ọrọ̀ ajé bá fà sẹ́yìn fún oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì léra kí wọ́n tó pè é bẹ́ẹ̀. Ti ọdún 2016, láti oṣù kìíní ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìparí oṣù kẹjọ ni ìṣirò tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀ jáde.

L'Ákùrẹ́ àti Oǹdó níbí, kòkó àti owó oṣù ìjọba ni kí ẹ máa ṣọ́. Lóṣù kejìlá 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 12,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Kí 2025 tó parí, ó ti wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì. Bí kòkó bá ti já, aláṣọ Ọjà Ọba àti bíríkìlà a mọ̀ ọ́n lára.

Gbèsè ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Ká ní ẹnì kan yá ₦120,000 fún oṣù mẹ́fà, tó ń dá ₦20,000 padà lóṣù, èlé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Bí wọ́n bá ń ṣírò èlé lórí owó tó kù lọ́rùn rẹ̀, ₦42,000 ni gbogbo èlé. Bó bá jẹ́ orí odidi owó tó yá ni, ₦72,000 ni! Ẹ bèèrè èwo ni kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé.

Bí báńkì bá kógbá sílé, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó inú báńkì, ló máa ń san owó oníbàárà. Ti báńkì ńlá, ó ń dáàbò bo tó mílíọ̀nù márùn-ún náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti máíkírò, ìyẹn báńkì kéékèèké, mílíọ̀nù méjì. Alájọ ò ní irú ẹ̀.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Ẹ ra ẹ̀wà nígbà tí tuntun bá ń dé láti Òkè Ọya, oṣù kẹwàá sí ìkejìlá. Láti oko ni kòkòrò ti ń bá a wá, ṣùgbọ́n ẹ má da ọ̀tápíápíá sí i, oró ni. Ẹ sá a títí yóò fi máa dún kà lẹ́nu, kó tutù mọ́jú. Àpò onípele mẹ́ta ni kí ẹ rà: ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun kan lóde. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan kí ẹ rí i pé kò jò. Ẹ da ẹ̀wà sínú ọ̀rá inú pátápátá, ẹ tẹ atẹ́gùn jáde, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀, kí ẹ dì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Atẹ́gùn inú ẹ̀ ni kòkòrò máa mí tán tí yóò fi kú. Ẹ má ṣí i fún oṣù kan ó kéré tán. Èyí tí ẹ fẹ́ máa sè, inú kẹ́ẹ̀gì ọ̀tọ̀ ni kó wà.